Ẹ̀gà tó ń ṣiṣẹ́ àkókó ní São Tomé

Ọ̀pọ̀ àwọn àlejò tó ń wọ bàálù wá sí São Tomé, erékùṣù kan nínú òkun tó kọjú sí Gabon, nítorí ẹyẹ kì í béèrè èyí tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ lónìí. Ìbákà ńlá tí ojú kò rí fún nǹkan bí 100 ọdún kí wọ́n tó tún rí i ní 1991 ni wọ́n máa ń wá, tàbí ibis kékeré, ẹyẹ ẹlẹ́nu gígùn tó tẹ̀, tó ń tẹlẹ̀ jẹ́jẹ́ nínú igbó gúúsù. Wọ́n á gbé àgọ́ kọ́ ẹ̀yìn, wọ́n á gun òkè, òjò á pa wọ́n dé eegun, wọ́n á sì fojú fo ẹ̀gà kan tó ń yí ìtì igi ká lókè orí wọn. Ó máa ń dùn mí. Nítorí pé ẹ̀gà náà pọ̀ nínú igbó ni wọn kò ṣe kà á sí. Bẹ́ẹ̀, nínú gbogbo ẹyẹ erékùṣù yìí, òun ló yẹ kí ẹni tó bá mọ ẹ̀gà dáadáa kọ́kọ́ wò.

Àwa sì mọ ẹ̀gà. Òun ló ń kún orí ọ̀pẹ àti igi àgbọn, tó ń ya imọ̀ sí wẹ́wẹ́ títí ọ̀pẹ á fi ṣẹ́ ku ọ̀pá lásán. Agbo ni wọ́n máa ń gbé, ẹ̀gbẹ́ ilé ènìyàn ni wọ́n sì fẹ́ràn láti kọ́lé sí. Kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, ariwo wọn ti gba gbogbo àdúgbò. Ọmọ tó bá ń sọ̀rọ̀ láìsinmi, wọ́n á ní ó ń pàtótó bí ẹ̀gà. Ẹnu rẹ̀ kúrú, ó sì ki, nítorí ọkà àti èso koríko ló fi ń fọ́. Ẹ wá fojú inú wo ẹ̀gà kan tó kó gbogbo ìwà wọ̀nyí tì, tó gba inú igbó lọ, tó ń rìn lórí èèpo igi láti àárọ̀ dalẹ́.

Ìlú São Tomé ni mo ń gbé báyìí. Iṣẹ́ ọkọ mi ló gbé wa wá láti Ìbàdàn, èmi sì ń kọ́ àwọn àgbàlagbà ní èdè Gẹ̀ẹ́sì nírọ̀lẹ́. Èmi ni mo ni òwúrọ̀ mi, òwúrọ̀ sì ni ẹyẹ ń jẹun. Mo máa ń wọ takisí láti àárín ìlú, a ó gba Trindade kọjá, á já mi sílẹ̀ ní Monte Café, kí n tó fẹsẹ̀ gun òkè lọ sí Bom Sucesso. Ọgbà ewéko kan wà níbẹ̀, ní nǹkan bí 1,150 mítà sí ojú òkun, ibẹ̀ ni ọ̀nà sì ti wọ inú igbó Obô tí ìjọba dáàbò bò. Ìkùukùu máa ń sọ̀ kalẹ̀ lójijì ní òkè yẹn. Gbogbo nǹkan ló tutù. Ara àwọn igi ńlá kún fún àfòmọ́ àti ewéko wẹ́wẹ́ tó bo èèpo wọn láti ìdí dé òkè, àárín ewéko wọ̀nyẹn ni oúnjẹ ẹ̀gà yìí wà.

Bó ṣe ń ṣe é nìyí. Kò ní bà sórí ẹ̀ka bí àwọn ẹyẹ yòókù. Ìtì igi gan-an ló máa bà mọ́, á fi èékánná di èèpo mú, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí igi ká bí adẹ́mu tó wà lórí igbà. Ó lè kọjú sókè, ó lè dorí kodò, ó lè rọ̀ mọ́ abẹ́ ẹ̀ka tí ẹ̀yìn rẹ̀ á kọ sílẹ̀. Níbi tí èèpo bá ti là, á ki ẹnu bọ ibẹ̀, á tú u, á ju ìdọ̀tí sẹ́gbẹ̀ẹ́, á tún ki ẹnu bọ̀ ọ́. Lọ́jọ́ kan, mo dúró lábẹ́ ọ̀kan débi pé èérún èèpo ń bọ́ lé èjìká mi. Ó fa ìdin funfun kan jáde, ìdin náà ń ká, ẹ̀gà nà án mọ́ igi, ó gbé e mì, ó sì padà sí ojú ihò kan náà láti wò ó bóyá nǹkan ṣì kù níbẹ̀. Ó wo inú ihò náà pẹ̀lú ojú ọ̀tún, ó yí orí, ó tún fi ojú òsì wò ó. Mo wà níbẹ̀ pẹ́, kò sì bìkítà fún mi.

Kò tóbi. Láti ẹnu dé ìrù, kò ju nǹkan bí 14 sẹ̀ǹtímítà lọ. Orí akọ dúdú lókè. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti àyà rẹ̀ pupa rúsúrúsú, ẹ̀yìn rẹ̀ ní àwọ̀ ewé tó ń gbẹ, ìlà méjì tó mọ́lẹ̀ díẹ̀ sì dábùú ìyẹ́ rẹ̀. Orí abo kò dúdú bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ ni kí ẹ wò jù lọ. Ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó gùn, ó sì mú ní ṣóńṣó. Bí ẹ bá bo ara rẹ̀ yòókù, tí ẹ fi ẹnu yẹn nìkan hàn mí, n kò ní sọ láéláé pé ẹnu ẹ̀gà ni.

Ẹ̀gà ni, síbẹ̀. Gustav Hartlaub, dókítà kan ní ìlú Bremen ní Jámánì tó fi gbogbo ayé rẹ̀ ṣe ìwádìí ẹyẹ, ló kọ́kọ́ kọ nípa rẹ̀ fún àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní 1848. Ploceus sanctithomae ni orúkọ tí wọ́n ń pè é lónìí, Ploceus yẹn náà ló sì bẹ̀rẹ̀ orúkọ ẹ̀gà tó ń ya imọ̀ ọ̀pẹ wa. Ìgbà kan wà tí àwọn onímọ̀ kan wo ẹnu rẹ̀ àti ìrìn rẹ̀, tí wọ́n sì yà á sọ́tọ̀, wọ́n pè é ní Thomasophantes, bíi pé kò bá ẹ̀gà kankan tan. Wọ́n ti dá a padà sáàárín àwọn ẹbí rẹ̀ báyìí. Àwọn ará ibí ní tiwọn ń pè é ní tchim-tchim-tchôlô, bí ẹni ń sín ohùn rẹ̀ jẹ. Kò sì sí níbòmíràn láyé. Gbogbo ilé rẹ̀ kò tó 900 kìlómítà níbùú lóròó. Kódà Príncipe, erékùṣù kejì nínú orílẹ̀-èdè yìí kan náà, kò ní in.

Ohun tó mú mi lọ́kàn jù nípa rẹ̀ ni pé kò sí àkókó ní São Tomé.

Ẹ rò ó wò. Igbó tó dí tó báyìí, igi tó ga tó báyìí, òkú igi tó ń jẹrà nílẹ̀ àti lóòró, tí kòkòrò kún inú wọn fọ́fọ́, ènìyàn ò sì ní gbọ́ kó-kó-kó àkókó níbi kankan. Òkè ayọnáyèéfín ló gbé erékùṣù náà jáde láti ìsàlẹ̀ òkun, ní ohun tó lé ní mílíọ̀nù 10 ọdún sẹ́yìn. Bioko, tó wà nítòsí Cameroon, ti so mọ́ ilẹ̀ rí nígbà tí omi òkun fà ní ayé àtijọ́, ìdí nìyí tí ẹranko inú rẹ̀ fi jọ ti ilẹ̀ ńlá. São Tomé kò so mọ́ ilẹ̀ kankan rí. Gabon ló sún mọ́ ọn jù, nǹkan bí 250 kìlómítà sì ni omi tó wà láàárín wọn. Ohunkóhun tó bá wà níbẹ̀ kí ènìyàn tó dé, afẹ́fẹ́ tàbí ìgbì ló gbé e wá, tàbí kó fi ìyẹ́ ara rẹ̀ fò ó. Àkókó kì í fẹ́ kọjá omi ńlá. Ẹ̀gà kọjá. Nígbà tó sì débẹ̀, iṣẹ́ ńlá kan wà nílẹ̀ tí kò sí ẹni tó ń ṣe é.

Mo fẹ́ ṣọ́ ọ̀rọ̀ mi níbí, nítorí ìtàn náà dùn jù, ìtàn tó bá sì dùn jù gba kí a yẹ̀ ẹ́ wò. Ní àwọn òkè Cameroon, ẹ̀gà kan wà, Ploceus insignis, tí òun náà ń rìn lórí ìtì igi, tó ń tú abẹ́ ewéko fún kòkòrò. Àkókó wà nínú igbó tirẹ̀, kò sì dí i lọ́wọ́. Nítorí náà n kò ní sọ pé erékùṣù ló kọ́ ẹ̀gà São Tomé níṣẹ́ látìbẹ̀rẹ̀. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ìmọ̀ náà wà nínú ìran àwọn ẹ̀gà inú igbó kan tipẹ́. Èyí tó dá mi lójú ni pé ẹ̀gà tó ń gun ìtì igi ní ilẹ̀ ńlá ní alábàádíje lọ́tùn-ún lósì, ti São Tomé kò sì ní àkókó tó máa lé e kúrò. Ìdí nìyí, lójú mi, tó fi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, tí a fi ń rí i láti etí òkun títí dé igbó orí òkè.

Kì í ṣe òun nìkan ni ẹ̀gà tó wà níbí. Camussela wà, Ploceus grandis, tó jẹ́ pé São Tomé nìkan ni òun náà ti wá. Ó gùn tó nǹkan bí 22 sẹ̀ǹtímítà. Mo rántí bí ọkọ mi ṣe kọ́kọ́ rí i lórí igi búrẹ́dì lẹ́yìn ilé wa, tó pè mí pé, “Ìyàwó mi, jáde wá wo bàbá ẹ̀gà!” Camussela ò kọ etí oko àti ẹ̀gbẹ́ ilé, ẹnu rẹ̀ sì ki gan-an. Ẹ̀gà kẹta wà ní apá àríwá tó gbẹ, níbi tí koríko pọ̀ sí, ti ìyẹn jọ àwọn tó wà ní gúúsù Áfíríkà. Ẹ̀gà mẹ́ta, ọ̀nà ìjẹun mẹ́ta, lórí ilẹ̀ tó kéré tó báyìí. Erékùṣù yìí máa ń yí ìwọ̀n ara padà lọ́nà tó yà mí lẹ́nu. Ìbákà tó tóbi jù nínú ìran rẹ̀ wà níbí. Ẹyẹ tó tóbi jù nínú gbogbo àwọn kékeré tó ń mu omi òdòdó ní Áfíríkà, níbí náà ni. Ibis rẹ̀ ní tirẹ̀ kéré ju gbogbo ibis lọ. Tchim-tchim-tchôlô kò tóbi, kò sì kéré. Ẹnu rẹ̀ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ ló yípadà.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ẹyẹ yìí ṣe là á já, kó kúrò nínú igbó díẹ̀, kó lọ sínú oko kòkó.

Nǹkan bí 1470 ni àwọn Potogí dé São Tomé, wọn kò bá ẹnì kankan níbẹ̀. Wọ́n gé igbó ìsàlẹ̀ fún ìrèké, wọ́n sì kó àwọn ẹrú wá láti ilẹ̀ Áfíríkà láti ṣe é. Nígbà tó yá, kọfí ni, lẹ́yìn náà kòkó. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, São Tomé wà lára àwọn tó ń kó kòkó jù lọ sí ọjà àgbáyé, àwọn tí wọ́n kó wá láti Angola, Cabo Verde àti Mozambique ló sì ń fi ìyà ṣe iṣẹ́ náà ní àwọn oko ńlá tí wọ́n ń pè ní roça. Ẹni tó bá rìn kọjá Monte Café lónìí á ṣì rí ilé ńlá ọ̀gá oko, àti ilé gbọọrọ tí wọ́n kó àwọn òṣìṣẹ́ sí. Mi ò lè kọjá níbẹ̀ láìronú nípa wọn. Ìyà tó jẹ àwọn ènìyàn wọ̀nyẹn kò ní ohun tí a lè fi wẹ̀ ẹ́, mi ò sì ní sọ pé ire kankan san án padà.

Ṣùgbọ́n kòkó nílò ìbòòji. Nítorí náà wọ́n dá àwọn igi ńlá kan sí, wọ́n sì gbin igi kan tí wọ́n ń pè ní eritrina láàárín kòkó, kí oòrùn má baà pa á. Abẹ́ igi wọ̀nyẹn ṣókùnkùn títí dòní, èèpo wọn sì kún fún kòkòrò. Tchim-tchim-tchôlô wọ inú oko, ó bá ìtì igi níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí èyí tó wà nínú igbó, ó sì ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ibis àti ìbákà ńlá kò lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Ìyá àgbà kan wà lójú ọ̀nà tí mo máa ń gbà, tó ní oko kòkó kékeré kan. Mo máa ń dúró kí i. Ní àárọ̀ kan, ẹ̀gà náà wà lórí eritrina tó wà lókè orí wa, mo sì bi wọ́n pé, “Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹyẹ yìí kì í ba kòkó yín jẹ́?”

Wọ́n gbójú sókè. “Tchim-tchim-tchôlô? Rárá o, ọmọ mi. Ọ̀bọ ló ń jẹ kòkó mi. Èkúté náà ń jẹ ẹ́. Èyí, kòkòrò ló ń ṣà. Fi sílẹ̀ kó máa ṣiṣẹ́ rẹ̀.”

Òótọ́ ni wọ́n sọ nípa ọ̀bọ. Kò sí ọ̀bọ níbí tẹ́lẹ̀. Ènìyàn ló kó o wá láti ilẹ̀ ńlá, irú ọ̀bọ mona tó wà ní igbó ilẹ̀ wa gan-an ni. Ènìyàn náà ló gbé èkúté, ẹtà àti ológbò wá. Gbogbo wọn ló lè gun igi tàbí kí wọ́n dé ibi tí ẹyin wà, àwọn ẹyẹ ibí kò sì bá irú wọn dàgbà. Mo ti rí ilé tchim-tchim-tchôlô kan, ó rọ̀ ní ṣóńṣó ẹ̀ka tẹ́ẹ́rẹ́ lókè ọ̀nà, ẹnu ọ̀nà rẹ̀ wà nísàlẹ̀, òun nìkan ló sì wà lórí igi náà. Bí ẹ̀ka náà ṣe tẹ́ẹ́rẹ́ tó, ọ̀bọ tó bá wúwo kò lè dúró lórí rẹ̀. Mo dúpẹ́ nígbà tí mo rí ìyẹn.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù ni igi ìbòòji. Ìrókò wà nínú àwọn oko náà, amoreira ni wọ́n ń pè é níbí, igi rẹ̀ sì níye lórí lọ́jà pákó. Màmá yẹn sọ fún mi pé ẹni tó ń ra pákó ti wá bá wọn dúnàádúrà lórí èyí tó wà nínú oko wọn. Wọn kò tíì dá a lóhùn. Ọmọ ọmọ wọn ń lọ sílé ìwé ní ìlú, owó ìwé sì wà nílẹ̀. Mi ò lẹ́nu láti sọ fún wọn pé kí wọ́n má tà á. Ṣùgbọ́n bí ìrókò bá lọ, bí eritrina bá di èédú, bí oko kòkó bá di oko kárọ́ọ̀tì àti kábéèjì bí ó ti ń ṣẹlẹ̀ ní àwọn òkè ibẹ̀, kò sí ìtì igi tí ẹ̀gà máa gùn mọ́. Ní gúúsù, ọ̀pẹ ni wọ́n ti gbìn sí ilẹ̀ tó gbòòrò, ọ̀pẹ nìkan sì ni. Igbó Obô tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 2006 lé díẹ̀ ní ìdá kan nínú mẹ́rin erékùṣù náà, mo sì bá gbogbo ẹni tó jà fún un yọ̀. Síbẹ̀, ẹyẹ tó ń gbé níta ààlà igbó ni mò ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, iye kòkó tí àgbẹ̀ bá rí tà, àti owó tó bá gbà lórí rẹ̀, ló máa sọ bóyá igi ìbòòji á dúró. Ẹni tó bá ń ra ṣokoléètì São Tomé, tó sì lè béèrè bóyá abẹ́ igi ni wọ́n ti gbin kòkó rẹ̀, kó jọ̀wọ́ béèrè.

Fún ẹni tó bá fẹ́ wá: gravana ni kí ẹ wá, ìgbà tí òjò dín kù, láti oṣù kẹfà sí oṣù kẹsàn-án. Òkè á ṣì tutù, ẹ gbé aṣọ òjò dání. Ẹ gba afinimọ̀nà ọmọ ibẹ̀ ní Bom Sucesso, kí ẹ sì ní dobra, owó ibẹ̀, lọ́wọ́ fún un. Ọ̀nà tó lọ sí Lagoa Amélia ni mo fẹ́ràn jù. Ihò òkè ayọnáyèéfín ni Lagoa Amélia, ewéko ti bo omi inú rẹ̀ débi pé pápá koríko ni ẹ máa pè é. Ẹ má tẹ̀ ẹ́, omi ló wà lábẹ́. Ẹyẹ dúdú onírù gígùn kan, akọ tomé-gagá, á máa tẹ̀ lé yín káàkiri, kì í bẹ̀rù ènìyàn. Ẹ gbádùn rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ rántí máa wo ara ìtì igi, láti ìdí rẹ̀ lọ sókè. Bí èérún èèpo bá ń bọ́, ẹ dúró síbẹ̀.

Èmi àti ọkọ mi ń múra láti wọ bàálù kékeré lọ sí Príncipe. Wọ́n ní ẹ̀gà tiwọn níbẹ̀, Ploceus princeps, tó jẹ́ pé erékùṣù yẹn nìkan ló ń gbé, tó ń tàn bí wúrà, tí wọ́n sì ń rí láàárín ìlú Santo António pàápàá. Mo fẹ́ wo ẹnu rẹ̀ dáadáa, kí n sì wo ibi tó ń bà sí lára igi.